Táyà Tó Mu Àdín

                                        Ọ̀dọ̀ Àsíátù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀bá Ọ̀nà Ìlá,
                                        Ọ̀rà, nítòsí Ìlá Ọ̀ràngún.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 1956.

Bọ́láwùmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Ìyábọ̀,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Ìyábọ̀ le, àti ọkọ rẹ̀, àti ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí? Ojú rẹ òsì tó ń ṣomi nígbà tí o wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ mi ńkọ́, ṣé ó ti gbẹ? Ṣé omi ẹ̀rọ Ìbàdàn kò tíì mú ọ gbàgbé omi kànga ilé wa? Ní tèmi, mo wà láàyè, mo ń jẹun, mo ń sùn díẹ̀díẹ̀. Orúnkún mi ń ro mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́.

Bí o bá wo òkè ìwé yìí, wàá rí i pé n kò sí nílé. Ọ̀rà ni mo wà láti ọjọ́ kejì oṣù yìí, òní sì di ọjọ́ kẹtàdínlógún. Má jáyà. N kò ṣàìsàn, kò sì sẹ́ni tó lé mi kúrò nílé. Èmi ni mo há ara mi mọ́ ibi tí mo wà yìí, n kò sì tíì rí ẹnu ọ̀nà tí mo máa gbà jáde.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. O rántí nígbà tí a jọ ń jókòó lórí àga gbọọrọ nílé ìwé àgbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí tíṣà ní ọwọ́ mi ti le ju ti ẹni tí yóò mú gègé lọ. Mo dá a lóhùn pé ọwọ́ tó ti ń ṣa obì láti ogójì ọdún kò lè rọ̀ bí òwú. Bí lẹ́tà kan bá wọ́ lójú ìwé yìí, fi ojú inú tọ́ ọ. N kò lè pe akọ̀wé kankan, nítorí n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá kó tó dé etí rẹ.

O mọ ọkọ̀ wa, bọ́lẹ̀kájà tí Jóṣúà ọmọ mi fi owó kòkó tirẹ̀ àti owó obì tèmi rà, tí mo ní kí wọ́n kọ KÒ KÀN Ọ́ sí iwájú rẹ̀. O sì mọ Àdìsá tó ń wà á, ọmọ Àjíṣafẹ́ tó ń tajà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ọdún mẹ́ta ló ti wà á fún wa, kò fi pa ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Bó bá dé láti Òṣogbo, kì í lọ sílé kó tó wá kí mi, kó sì sọ fún mi bí obì ṣe tà.

Nínú oṣù kẹwàá tó kọjá, kí iṣẹ́ kòkó àti obì tó gbóná, Jóṣúà ra táyà tuntun márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ wa kò tóbi, táyà mẹ́rin ló ń tẹ ilẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní sípíà, ni wọ́n fi ṣéènì so rọ̀ sábẹ́ ikùn ọkọ̀ lẹ́yìn, fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá yẹ̀. Ẹni tó tà wọ́n búra fún wa pé a ó lo ọdún méjì gbáko. Kò pé oṣù mẹ́rin, Bọ́láwùmí, tí àwọn mẹ́rin tó ń tẹ ilẹ̀ fi di àkísà.

Ọjọ́bọ̀ ni. A kó obì agbọ̀n mẹ́rìnlélógún ní Ọ̀rà, a dorí kọ Ìlá. Èmi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àdìsá, àwọn èrò wà lẹ́yìn lórí agbọ̀n. A kò tíì rìn tó ibùsọ̀ kan, a ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan báyìí, ni táyà iwájú lápá òsì bá bẹ́. Ó dún bí ìbọn. Apá òsì náà ni kòtò wà, ó sì jìn tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọkọ̀ ń fà sí ibẹ̀, Àdìsá ń fà á sí ọ̀tún, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn, kò pariwo, kò pe Ọlọ́run, ó kàn ń fà á. Ọkọ̀ forí sọ òkìtì erùpẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, ó dúró. Àwa mọ́kànlá la wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa ju bàbá kan tí eyín ara rẹ̀ gé létè lọ.

Kí lo rò pé mo sọ fún ẹni tó yọ mí lẹ́nu ikú? Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo táyà, mo rí i bó ti sán yíká bí ẹrẹ̀ odò tó gbẹ. Mo lọ wo mẹ́ta yòókù. Bákan náà ni. Ibì kan ti wú, ibì kan ti ń bó bí èèpo igi. Mo kọjú sí i, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fi táyà wa ṣe?"

Ó ní, "Ìyá, èmi náà ń wò ó ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti sọ fún Bọ̀dá Jóṣúà pé wọ́n ń sán. Wọ́n ní kí n ṣáà kó obì yìí tán ná."

Lọ́jọ́ kejì Jóṣúà gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ìlá. Ó wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó wo sípíà, ó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Sípíà ń bẹ bí ọjọ́ tí a rà á, kò ní àpá kankan lára. Ó ní, "Ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n, lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Báwo ni mẹ́rin ṣe di arúgbó tí ọ̀kan ṣì jẹ́ ọmọdé? Àdìsá, ta lo ta mẹ́rin tuntun fún, tí o fi àlòkù sí ìdí ọkọ̀ mi?"

Bọ́láwùmí, ó dà bíi pé ẹnu mi ti ń dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ará Ọ̀rà ti pé jọ, àwọn tó ń ti oko bọ̀ ti sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n lè wòran dáadáa. Mo ké "Olè!" Mo ní, "Olè, ọmọ Àjíṣafẹ́! O fẹ́ fi ẹ̀mí mi ra ṣòkòtò ìgbéyàwó!" O mọ bí ohùn mi ṣe rí. Wọ́n á ti gbọ́ ọ dé oko.

Àdìsá dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ní, "Ìyá, ẹ bú mi bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ má fi bàbá mi kún un." N kò dákẹ́. Mo fi bàbá rẹ̀ kún un, mo fi ìyá rẹ̀ lé e.

Ní Sátidé ni Jóṣúà pe Àlàó. Ọ̀rà níbí ló ti ń lẹ táyà, ojú ogun Bọ́mà ló ti kọ́ ọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà, ó ha á díẹ̀, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Ó ní, "Òróró ni. Táyà yìí ti mu òróró yó. Rọ́bà àti òróró kì í gbé pọ̀. Bí òróró bá ti wọ inú rẹ̀, á kọ́kọ́ wú, á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn ìyẹn oòrùn á gbà á, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán."

Jóṣúà pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Táyà àlòkù tó ti ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni. Ẹjọ́ ti parí."

Gbogbo ènìyàn mi orí. Èmi nìkan ni orí mi kò mì. Mo wá agbọ̀n obì kan jókòó lé.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ti rí. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá, mo rí àwọn ìlà tín-ín-rín lára táyà, bí irú èyí tó máa ń wà ní gìgísẹ̀ mi. Kí ni ìyá mi kọ́ mi, tí ìyá tìrẹ náà kọ́ ọ? Ohunkóhun tí ọyẹ́ bá ń sán, àdín ni kí o fi pa á. Àdín la fi ń pa ara ọmọ, òun la fi ń pa ẹsẹ̀, òun la fi ń pa awọ, òun la fi ń pa ilẹ̀kùn igi kó má baà lanu. Obì pàápàá, bí ènìyàn kò bá kẹ́ ẹ, tí kò pààrọ̀ ewé rẹ̀, tí kò wọ́n omi sí i, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kò sí ohun tí mo ní láyé tí kì í ṣe ọwọ́ mi ni mo fi kẹ́ ẹ tó fi pẹ́.

Mo kọ́kọ́ bi Àdìsá pé ṣé kò yẹ kí a máa fi nǹkan pa táyà nínú ọyẹ́ yìí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ó tún pọ̀n ọ́n ni?" Kò fi ṣe àfojúdi, àwàdà tí òun àtèmi máa ń bá ara wa ṣe ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀, wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Mo ní lọ́kàn mi pé n ó fi hàn án pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní ìdájí, kí wọ́n tó kírun Àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí, mo ti wà nídìí ọkọ̀. Mo máa ń fi àkísà tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì nu ẹrẹ̀ kúrò, n ó wá fi àdín pa wọ́n dáadáa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni. Nígbà tí wọ́n bá ń dán lára ọkọ̀ lówùúrọ̀, n ó máa rìn yí wọn ká bí ìyá ọkọ ìyàwó. Bí ìlà bá tún pọ̀ sí i, n ó fi àdín kún àdín.

Ẹ̀karùn-ún, sípíà abẹ́ ọkọ̀, orúnkún mi kò jẹ́ kí n tẹ̀ dé ibẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Èyí tí mo tọ́jú ló kú, èyí tí n kò lè tọ́jú ló yè, ìyè rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ Àdìsá di olè.

Ǹjẹ́ mo sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀? N kò sọ ọ́. Àwọn kan náà tí mo pè é lólè lójú wọn lánàá ló ń wò mí. Jóṣúà ní òun ń lọ pe àwọn àgbà ẹgbẹ́ awakọ̀ àti Àjíṣafẹ́, kí wọ́n wá jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà nídìí ọkọ̀ ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kí n bá òun lọ sílé. Mo ní n kò lè fi obì mi sílẹ̀. Lóòótọ́, obì náà ní láti ní ẹni tí yóò máa ṣí ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ mí: kì í ṣe obì ló dá mi dúró. Ilé ni mo ń sá fún.

Àdìsá náà kò lọ. Ó ní bí òun bá lọ, wọ́n á ní òun sá. Inú ọkọ̀ ló ń sùn. Èmi wọ̀ sọ́dọ̀ Àsíátù, opó aránṣọ kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà, Mùsùlùmí olóòótọ́ ènìyàn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá gbọ́ tí Àdìsá sọ korobá omi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá." Á lọ. Kò fi ìgbà kan dúró gba ìdáhùn, kò sì fi ìgbà kan pa á jẹ. Omi náà ni mo fi ń bọ́jú, tí mo fi ń sebẹ̀, tí mo fi ń wọ́n ewé obì. Ṣé o mọ bí omi ṣe ń korò?

Àsíátù ló ń ti ọjà gbọ́ ìròyìn wá. Ó ní bàbá Àmínátù, ọmọbìnrin tí Àdìsá fẹ́ gbé lẹ́yìn ààwẹ̀, ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá kó ẹrù ìdána wọn, òun kò ní bá olè tan. Ó ní bí ẹgbẹ́ awakọ̀ bá dá a lẹ́bi, wọn yóò fa káàdì rẹ̀ ya, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ fún un mọ́ láti Ìlá títí dé Òṣogbo. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń ṣí ewé obì, mo ń pa ewé obì dé. Mo ṣí agbọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni arúgbó òmùgọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn mọ́kànlá, tó tún bú ìyá ẹni tó gbà á là. Bí n kò bá sọ ọ́, kí ni mo jẹ́? Mo dà bí eku tó gba ẹnu ìgò wọlé nígbà tó rù. Mo ti jẹ ọ̀rọ̀ yó, ẹnu ìgò kò gbà mí mọ́.

Ní Jímọ̀, bó ti sọ omi kalẹ̀, mo ní, "Àdìsá, jókòó." Ó jókòó lórí òkúta. Mo sọ ọ́ fún un, láti orí ọyẹ́ dé orí orúnkún mi. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Àdín! Abájọ tí ajá fi ń lá táyà wa ní gáréèjì Òṣogbo." Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ó wá bi mí pé, "Ìyá, ìgbà wo lẹ mọ̀ pé àdín ni?"

Mo ní, "Ọjọ́ tí Àlàó sọ ọ́."

Ó ní, "Sátidé?" Ó fi ìka kà á. "Ọjọ́ mẹ́fà, Ìyá?"

Ó dìde, ó gbọn ìdí nù. Ó ní, "Àdín kò dùn mí. Ohun tí àgbà kò mọ̀ ló ṣe. Ọjọ́ mẹ́fà yìí ló dùn mí." Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì kò sí omi lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo ń pọn ún fúnra mi láti ìgbà náà, mo ń fi orúnkún yìí sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, n kò sì jẹ́ kí Àsíátù bá mi gbé e.

Wọ́n dé ní Sọ́ńdè: Jóṣúà, Àjíṣafẹ́, àti Ọlátúbọ̀sún, alága àwọn awakọ̀, pẹ̀lú àwọn méjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò tíì jókòó tán tí mo fi dìde. Mo ti sùn lé ọ̀rọ̀ náà, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orin ìjọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní èmi ni, kì í ṣe Àdìsá.

Bọ́láwùmí, wọn kò gbà mí gbọ́.

Jóṣúà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, àánú ń ṣe yín. Ẹ ti bá a gbé nínú ìnira yìí fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ sì ti gbọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ẹ má fi ara yín bo olè."

Mo ní, "Èmi? Ta ni mo fi ara bò rí?"

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà ní, "Àbí ọmọ náà ti fún Ìyá ní nǹkan jẹ." Àjíṣafẹ́ fò dìde, wọ́n dì í mú. Mo rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé awakọ̀ náà lórí débi pé ó bọ́ fìlà. Ṣùgbọ́n kí ni èébú ń ṣe? Gbogbo ayé mi, bí mo bá ní ojú ọ̀run pupa, Ìlá á gbójú sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo wí ohun tó lòdì sí ara mi, wọ́n ní mò ń purọ́. Mo ń jà kí wọ́n dá mi lẹ́bi, wọn kò dá mi lẹ́bi!

Ọlátúbọ̀sún gbé ọwọ́ sókè. Àgbà ni, ó mọ ọ̀rọ̀ í bi. Ó ní, "Ìyá, ẹ ní oṣù méjì lẹ fi ń ṣe é. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tó rí yín?"

Mo ní kò sí.

Ìgbà yẹn ni Àlàó tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán dá sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Sípíà ṣì wà. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti mẹ́rin wọ̀nyí, kí a fún un ní àdín kan náà àti kẹrosíìnì kan náà, kí a gbé e sí oòrùn. Bó bá wú, tó sán, Ìyá sọ òótọ́. Bí kò bá sán, a jẹ́ pé táyà mẹ́rin yẹn, ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Jóṣúà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹyọ kan tó kù fún òun kọ́ ni wọn yóò tún bà jẹ́. Mo ní, "Owó obì ta ló wà nínú rẹ̀?"

Wọ́n tú u kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Àsíátù gbé ìkòkò àdín rẹ̀ jáde. Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo nù ún, mo pa á, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí mo ti máa ń ṣe. Jóṣúà kọjú sí ọ̀nà oko, kò wò mí. Ọlátúbọ̀sún gba káàdì Àdìsá, ó ní òun fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, wọn yóò padà wá wò ó.

Ní Mọ́ńdè Jóṣúà fi ọkọ̀ ẹlòmíràn kó obì lọ. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé. N kò lọ. N kò tún ní obì tí mo lè fi ṣe àwáwí mọ́. Táyà ni mò ń ṣọ́. Ó fara ti ògiri Àsíátù níbi tí oòrùn ti ń pa á. Mo ń pa á láàárọ̀, mo ń pa á nírọ̀lẹ́, àwọn obìnrin tó ń lọ sóko á sì dúró kí mi: "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o! Ṣé ó ti ń rìn?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó ń rá. Ó yẹ kí a máa yí i padà lọ́sàn-án kí oòrùn lè mú ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dì í mú, ó wó lé mi lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà ni Àdìsá ti ń kúrò ní àtíbàbà Àlàó, níbi tó ń jókòó sí báyìí, lọ́sàn-án, á wá yí i, á gbé e nàró. Ó máa ń kí Àsíátù. Kò kí mi. N kò bínú. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí á fi yà ní kọ̀rọ̀.

Wàyí o, ìdí tí mo fi kọ̀wé.

Mo ní kò sẹ́ni tó rí mi. Irọ́ ni. Ìwọ rí mi. Nígbà Kérésìmesì tí o sùn sí yàrá mi, o jí ní ìdájí, o kò bá mi lórí ẹní, o jáde, o bá mi ní ìbẹ̀rẹ̀ nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. O ní, "Rẹ̀mílẹ́kún, kí lò ń wá níbẹ̀?" Mo ní adìyẹ ló yé ẹyin sábẹ́ ọkọ̀. O gbà á gbọ́, o padà lọ sùn. Nígbà tí Ọlátúbọ̀sún bi mí, orúkọ rẹ dé eyín mi. Mo gbé e mì. Mo lè jẹ́ òmùgọ̀ lójú àwọn awakọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìwọ mọ̀ pé mo purọ́ fún ọ nítorí àdín lásán. Wo irú ìgbéraga tí mo tún rí fi dí ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀kejì!

Mo ti pọ̀ ọ́ jáde báyìí. Wá sí Ọ̀rà kí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta tó pé. Bí ojú rẹ kò bá jẹ́ kí o lè rìnrìn àjò, jẹ́ kí ọkọ Ìyábọ̀ bá ọ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ọlátúbọ̀sún, kí o tẹ̀ka sí i. Ohun tí o rí ni kí o sọ, má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Sọ ti ẹyin adìyẹ náà. Má sọ pé ènìyàn rere ni mí, wọn kò bi ọ́ ní ìyẹn. A ti ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, n kò bẹ̀ ọ́ rí. Mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbà láti kọ ọ́.

Bá mi kí Ìyábọ̀, kí ọkọ rẹ̀, fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu fún mi. Kí àwọn ará Ìlá tó wà ní àdúgbò yín, ṣùgbọ́n má sọ ibi tí mo wà fún wọn. Àsíátù ní kí n kí ọ, ó ní òun yóò tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè ọ́.

Láàárọ̀ yìí mo fi èékánná wá gbogbo ara táyà náà, ìka kan tẹ̀lé ìka kan. Ọjọ́ keje tó ti ń mu àdín rèé. Kò wú. Kò sán. Ó kàn ń dán. Nígbà tí o bá kúnlẹ̀ àdúrà lálẹ́, má tọrọ àlàáfíà orúnkún fún mi, má sì tọrọ ẹ̀mí gígùn. Bá mi bẹ Ọlọ́run kí táyà yìí sán.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ, bí o bá ṣì gbà mí,

Rẹ̀mílẹ́kún,
Ìyá Jóṣúà.